Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gba Inú Ògiri Kọjá

Bàbá Káfíńtà ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti darúgbó, kò lè rìn láìmú ọ̀pá dání mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lo ọ̀pá. Ó pè mí lórí fóònù pé Onídìrí ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì jọ pé yóò padà. Ó ní kí àwa tí a ṣẹ́kù nínú àwọn ará òpópónà wa àtijọ́ pàdé níbi tí òpópónà náà wà tẹ́lẹ̀, kí Onídìrí lè fojú kan ibẹ̀ kí ó tó lọ.

"Mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá," ni ó wí. "Má sọ fún un pé Onídìrí ń bọ̀."

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi á pa mí."

"O ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń pa. Mú un wá."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni télọ̀ òpópónà wa nígbà náà. Ògiri pákó kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Onídìrí. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á kí i láti ẹ̀yìn pákó. Mo rántí ọdún tí páànù ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi lu, tí òjò ń rọ̀ sínú ilé, tí ó fi ara bo aṣọ àwọn oníbàárà kí wọ́n má baà tutù. Onídìrí ni ó sáré gbé bàsíà wá. Mo rántí pẹ̀lú pé bàsíà náà jò.

Nígbà tí àṣẹ dé pé wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà, pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa wó, a fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kó jáde. A ó jọ dúró pa pọ̀ títí wọn yóò fi wá ibòmíràn fún wa. Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Onídìrí ti kó àwọn àga rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò bú u. Ó kàn kọ ẹ̀yìn sí i ni, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ̀. Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọ́n a sì parí rẹ̀ nínú ẹnu kan náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ẹ̀gbọ́n mi kò bá Onídìrí sọ gbólóhùn kan. Bí Onídìrí bá wá lọ báyìí, mo mọ bí yóò ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n mi yóò fi ìyókù ayé rẹ̀ sọ pé òun kò bìkítà, èmi ni yóò sì máa sọ ọ́ fún.

Nítorí náà mo mú un lọ.

Ilé ìtajà ńlá kan ni wọ́n padà kọ́ sí ibẹ̀, dípò ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀. Ibi tí àwọn oníbàárà ń gbé ọkọ̀ wọn sí ni òpópónà wa wà. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, wọn kò tíì ṣí ilẹ̀kùn, ọkọ̀ kékeré funfun kan ṣoṣo ni ó dúró lórí ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Bàbá Káfíńtà ti dé, òun àti Ìyá Oníbúrẹ́dì, àti Onídìrí tí ó wọ aṣọ àlàárì tí ó dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró ṣinṣin. Ó yíjú sí mi.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. A ó délé."

Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì lọ dúró sẹ́bàá ọkọ̀ funfun náà, kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Onídìrí wà.

Bàbá Káfíńtà fa ṣọ́ọ̀kì kan yọ nínú àpò rẹ̀. Ó ní òun kò lè fi ẹnu lásán rántí ilé tí òun fi ọwọ́ kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, egungun rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ògiri sórí ọ̀dà. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ.

"Ṣọ́ọ̀bù mi kò kéré báyìí!" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Ìwọ ni o tóbi sí i."

"Ẹ tún ya ààrò mi sí ẹnu ọ̀nà!"

"Ṣé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni ooru rẹ̀ ti ń pàdé wa ni?"

"Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ńkọ́?" ni mo béèrè, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mò ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́.

Bàbá Káfíńtà wò yíká. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kúrú. Ó na ọ̀pá sí ọkọ̀ kékeré náà. "Èyí ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ."

Ó dùn mí díẹ̀. Omi ọṣẹ gbígbóná bó awọ ọwọ́ mi níbẹ̀, àpá rẹ̀ kò tíì lọ, wọ́n wá sọ ibẹ̀ di ọkọ̀ tí kò lè gba ju ènìyàn mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì ti wọ inú ààlà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ń nu tábìlì tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹ wá ra búrẹ́dì! Gbígbóná ni!"

Mo lọ. N kò mọ ohun tí ó ṣe mí. Mo rántí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ a máa há, pé èjìká la fi ń tì í, mo bá fi èjìká tì í. Nígbà tí kò sí ilẹ̀kùn tí yóò gbà mí dúró, mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, díẹ̀ ló kù kí n kó sínú ààrò.

"Rọra, àbúrò Télọ̀! Ebi náà kò pa ọ́ tó bẹ́ẹ̀!"

"Búrẹ́dì rẹ jóná," ni Bàbá Káfíńtà wí láti ìta. Ó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́.

"Tiyín nìkan ni mo dìídì jó, Bàbá."

Ẹ̀rín ti mú wa débi pé a kò rí ọlọ́dẹ ilé ìtajà náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ tóbi jù ú lọ.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ káàárọ̀. Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"À ń ra búrẹ́dì," ni mo wí. Ohun tí ó ti ẹnu mi jáde nìyẹn.

"Búrẹ́dì?" Ó gbé ẹsẹ̀ bọ́ sínú ààlà ṣọ́ọ̀kì kí ó lè rí wa dáadáa.

"Háà!" ni gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Káfíńtà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀pá rẹ̀ nù. "Ó gba inú ògiri kọjá! Pákó tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn ní ìṣó! Jáde, jáde!"

Ọlọ́dẹ náà fò sẹ́yìn bí ẹni tí ó tẹ iná. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú wa. Mo rò pé yóò lé wa. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ibo ni ilẹ̀kùn wà?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi hàn án. Ó yípo wá síbẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn lójú òfuurufú, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bàbá Káfíńtà pàtẹ́wọ́.

"Ẹ rí i? Ọmọ yìí mọ òfin!"

Òótọ́ ni. Òfin kan ṣoṣo ni òpópónà wa ní. O kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i, òun náà kò sì gbọdọ̀ ṣàìdáhùn, bí abẹ́rẹ́ tilẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọ jà pàápàá, yóò kọ́kọ́ kí ọ ná.

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ń rẹ́rìn-ín ọlọ́dẹ náà. Ó yára pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n Bàbá Káfíńtà ti gbọ́.

"Télọ̀! Kí lo dúró sí ilé iṣẹ́ ọṣẹ ṣe? Ṣọ́ọ̀bù rẹ ti ṣí. Ṣòkòtò mi ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Ṣòkòtò wo, Bàbá? Èyí tí ẹ kò wá gbà ni? Mo ti fi nu ẹ̀rọ."

"Yéè! Ẹ gbọ́ o!"

Ó sún mọ́ wa. Ó fẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀ bí ó ṣe ń wo onígun mẹ́rin tí Bàbá Káfíńtà yà fún un bí ẹni tí ebi ń pa. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Onídìrí ti wọ inú tirẹ̀. Ó ti jókòó sórí pèpéle símẹ́ńtì tí wọ́n fi pín ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, tí ó la ibẹ̀ kọjá, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni a ní láti gbà kí a tó dé ti ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gba ibẹ̀, ó di dandan kí ó kí i.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Ó gbé ẹsẹ̀ láti gba orí ààlà ṣọ́ọ̀kì kọjá.

"Ògiri!" ni Bàbá Káfíńtà àti ọlọ́dẹ jọ pariwo.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lókè. Obìnrin tí ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ dúró lórí ẹsẹ̀ kan nítorí ṣọ́ọ̀kì. Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà.

"Kò burú. Ẹ̀yìn ni màá gbà."

"Ẹ̀yìn dọ̀tí, mà," ni ọlọ́dẹ náà wí, bí ẹni tí wọ́n bí sí òpópónà náà.

Ó gbé orí sókè, ó sì gba ẹ̀yìn lọ. Ṣọ́ọ̀kì Bàbá Káfíńtà ti tán kí ó tó dé ibẹ̀, kò ya nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀dà lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lọ gbọnrangandan, imú rẹ̀ wà lókè. Inú mi bàjẹ́. Mo ní ó tán, ó ti rí ọ̀nà àbùjá.

"Gọ́tà!"

Onídìrí ti fò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí.

"Gọ́tà wà lẹ́sẹ̀ rẹ!"

Ẹ̀gbọ́n mi ká aṣọ sókè, ó sì fò. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì lè fò. Ó lọ sókè tòun ti báàgì, ó balẹ̀ lọ́hùn-ún pẹ̀lú bàtà kan, èkejì wà lórí ọ̀dà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí gọ́tà ilé iṣẹ́ ọṣẹ ti ń gbé ìfófòó funfun kọjá tẹ́lẹ̀ rí. Èmi náà ti ṣubú sínú rẹ̀ rí, ìwé ìṣirò mi kò sì jẹ́ ìwé mọ́. 

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò rí i?"

"O ò rí i!" ni Onídìrí wí. "Ìgbà wo lo rí i rí? Ta ló ń fà ọ́ jáde níbẹ̀?"

"Èmi ni mò ń fà ọ́!"

"Irọ́ ńlá!"

Ọlọ́dẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, Bàbá Káfíńtà fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ìwọ lo lẹ́nu láti pe ènìyàn ní onírọ́?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti yí padà. "A jọ sọ pé a ò ní kó jáde. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí o fi kó jáde!"

"Mo kó jáde. Ẹni tó ni ilé ní bí mi ò bá gbé nǹkan síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, òun á gbé e fún ẹlòmíràn. Yàrá méjì ni mo gbà! Méjì! Mo sáré padà wá láti pè ọ́."

"O ò sọ fún mi!"

"Ta ni ǹ bá sọ fún? Ìpàkọ́ rẹ? Mo pè ọ́ títí, o ò yíjú."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sí òdìkejì gọ́tà pẹ̀lú bàtà kan. 

"Kí lo wá fi yàrá kejì ṣe?"

"Mo tì í pa. Ó pẹ́ tí mo fi tì í pa. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àga tó kán síbẹ̀."

"Àga tó kán?" ni ẹ̀gbọ́n mi pariwo. "O kó àga tó kán sínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí di ikùn mú, ẹ̀rín àti omi ojú jọ dé bá a, ọlọ́dẹ náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí ó ń rín. Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú láti bínú díẹ̀ sí i, kò rí i ṣe. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Onídìrí jáde lẹ́yìn, ó mú bàtà náà nínú gọ́tà, ó gbọn omi rẹ̀ dànù, ó sì na ọwọ́ sí i láti ìhà kejì. Ẹ̀gbọ́n mi dì í mú, ó tún fò.

Nígbà tí wọ́n fi dé orí pèpéle, síkáàfù ẹ̀gbọ́n mi ti yẹ̀. Onídìrí wo orí rẹ̀.

"Ta ló di irun yìí?"

"Má bi mí."

"Ẹni yòówù tó di í, kò fẹ́ràn rẹ."

"Kí ni kí n ṣe? Onídìrí mi kó lọ. Ó tún fẹ́ kó lọ."

 Onídìrí fa síkáàfù náà kúrò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí iwájú orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà. Wọ́n ti ṣí ilé ìtajà, àwọn ọkọ̀ ti ń wọlé. Ọlọ́dẹ wa dúró láàárín ọ̀dà, ó ń fi ọwọ́ darí wọn gba ẹ̀gbẹ́, ó ń sọ fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan pé iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀.

"O ń fà mí jù!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí ó lè pẹ́ lórí rẹ ni. Jókòó jẹ́ẹ́."