"Bẹ́ẹ̀ Ni" Lẹ́nu Ajiyàn

Káfíńtà ni ọkọ mi, òrùlé ló máa ń kàn. Ajiyàn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bí mo bá ní oòrùn mú, á ní, "Irọ́ ni." Bí mo bá ní ọbẹ̀ dùn, irọ́ ni, iyọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run títí pé kí ọkùnrin yìí gbà sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan péré. Ọlọ́run gbọ́, àmọ́ kì í ṣe báyìí ni mo wí.

Ó jábọ́ láti orí òrùlé. Ọpọlọ rẹ̀ wú débi pé àwọn dókítà yọ lára egungun orí rẹ̀ lápá òsì kí ó lè ráyè. Ẹ̀mí rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ibi tí egungun ti kúrò jìn wọnú bí abọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló sì kù lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í pé ṣé ebi ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ti yó, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé èmi ni ìyá tó bí i, ó wò mí lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá gbé e jókòó, "Bẹ́ẹ̀ ni" yẹn gan-an á pa rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún.

Dókítà ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ ìta ló ń tẹ ọpọlọ níbi tí egungun kò sí, ẹ̀jẹ̀ kò sì rí ọ̀nà débẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n fẹ́ fi egungun àtọwọ́dá dí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fárígá. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá yóò bá òun lọ sílé, kí òun máa tọ́jú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní ṣé mo gbọ́. Mo ní kó bi í bóyá òun ni ọba ìlú. Níkẹyìn a jọ gbà pé bí iṣẹ́ abẹ náà kò bá mú un bọ̀ sípò, òun ni yóò gbé e lọ.

Wọ́n ṣe é. Nígbà tó yá, dókítà fi ẹ̀rọ kékeré kan ti ẹ̀bátí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú orí ọkọ mi, wúù, wúù, bí ẹni ń gbálẹ̀. Dókítà ní ó ti ń ṣàn dáadáa. Mo bi ọkọ mi bóyá èmi ni dókítà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ti dé, ọkọ mi ni kò dé.

A dúró, a dúró, kò sí ìyàtọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbé e, ó ń di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, èmi sì gbé ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fọ ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi dé góńgó ẹ̀mí. Inú ń bí mi sí òrùlé, sí dókítà, sí òun fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Baba ọmọ mi, ó dìgbóṣe. Wọ́n ń gbé yín lọ lónìí, mi ò sì ní wá wò yín. Ó ti rẹ̀ mí."

Tinútinú ni mo fi sọ ọ́. Mo ti ń dìde. Ètè rẹ̀ gbọ̀n, mo sì ń retí "Bẹ́ẹ̀ ni" mi.

Ó ní, "Irọ́ ni."

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé orí lé itan rẹ̀, mo bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò bá a jiyàn.