Ọwọ́ Tí Ìyá Ń Gbá Dànù

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ mi káfíńtà ṣì wà láyé, eyín rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Bàbá aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ wa náà ṣì wà, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ tó máa ń dún bí ẹni ń rún egungun. Àbúrò mi obìnrin wà. Ìyá wa wà. Nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe bí àwọn ọmọ àbúrò mi ṣe ń sọ ọ́ kiri.

Ẹ̀gbà ló mú Ìyá. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo, ó wá ku ọwọ́ òsì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn! Gbogbo ohun tí ahọ́n kò lè sọ mọ́, ọwọ́ yẹn ló ń bá wọn sọ. Bó bá bà ọ́ létí, wàá rántí pé ìyá rẹ ló bí ọ.

Mo gbé Ìyá wá sí yàrá wa tó kọjú sí títì. Alágbàfọ̀ ni mí nígbà náà, aṣọ àwọn ará ọ́fíìsì ni mo máa ń fọ̀ tí mo máa ń lọ̀. Mo pa iṣẹ́ náà tì. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mò ń yí wọn padà kí egbò má baà jẹ ẹ̀yìn wọn. Èmi náà ni mò ń ya ẹnu wọn fún oògùn kíkorò kan tí nọ́ọ̀sì ní a kò gbọdọ̀ pa jẹ. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ òsì ń gbá ife dànù lọ́wọ́ mi. Oògùn á máa ṣàn lára ògiri, màá nù ún, màá tún bu òmíràn.

Àbúrò mi ńkọ́? Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní ibùdókọ̀. Bó bá ṣíwọ́, á wọlé tòun ti òórùn lọ́fínńdà, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa sín awakọ̀ kan tó ń kólòlò jẹ. Ìyá á máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi á fún wọn lómi tútù mu, á fi ìka nu ètè wọn, á wá dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń lọ o. Ẹ kú iṣẹ́."

Ẹ kú iṣẹ́! Bí ẹni tó rí àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà lójú ọ̀nà.

Ọdún yẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé lọ́wọ́. Owó wà níbẹ̀ lóṣooṣù, àmọ́ owó kọ́ ló wọ̀ mí lójú. Káàdì ni. Káàdì tó ní fọ́tò, tí wọ́n ń fi okùn gbé kọ́ ọrùn, tí wọ́n kọ "Olùtọ́jú" sí gàdàgbà. Ẹni tó bá gbé e kọ́ ọrùn dé ilé ìwòsàn kò ní tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ìjọba á rán ẹnìkan wá gbà á sílẹ̀ fún ọjọ́ kan kó lè sinmi, èmi tí n kò tí ì jókòó jẹun kúnnú láti ọjọ́ tí ẹ̀gbà ti wọlé wa. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ lójúlé kejì ti gba tirẹ̀. Bó ṣe ń rìn lójú pópó, ẹ ó rò pé òun ló bí ìjọba.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ilé Sùúrù ni àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀, nítorí kò sí ìdí tí bẹ́ǹṣì wọn kò mọ̀ nílùú. Òfin wọn kò gùn: aláìsàn kan, olùtọ́jú kan. Àwọn ọmọ tí kò yọjú sí ìyá wọn rí sì máa ń sáré dé bí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀, nítorí náà ọ́fíìsì kì í gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń rán wá sílé láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni wọ́n rán sí wa, aago ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí ọmọrí ìkòkò. Aláago la sọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló sì wá, nígbà tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń tọ́jú Màmá?"

"Èmi ni," mo dá a lóhùn.

Àbúrò mi ní, "Àwa méjèèjì ni o."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Àwa méjèèjì! Ẹni tó ru ẹrù àti ẹni tó ń kọrin tẹ̀ lé e.

Aláago rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ a máa purọ́, ọ̀fun aláìsàn kì í purọ́."

Ó bu omi sínú ife méjì, ó fún èmi ní ọ̀kan, ó fún àbúrò mi ní ọ̀kan. Ó ní kí a jọ nà án sí Ìyá. Ọwọ́ tí aláìsàn bá ti gba omi mu, òun ni ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé gbogbo nìyẹn.

Mo na ife. Ìyá wo ojú mi, wọ́n rántí oògùn. Ọwọ́ òsì gbéra, gbàà! Omi bò mí láti àyà dé orúnkún. Wọ́n wá yíjú sí àbúrò mi, wọ́n la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ.

"Ó tán," Aláago wí, ó gbé ẹ̀rọ fọ́tò jáde. Ẹlẹ́rìn-ín tún irun ṣe kí wọ́n tó yà á o!

Inú mi hó bí omi aṣọ. Ọkọ mi fẹ́ tù mí nínú, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ mi, káàdì lásán ni."

Mo ní, "Àga tí ẹ̀yin kàn, bí wọ́n bá kọ orúkọ káfíńtà mìíràn sí i lẹ́yìn, ṣé àga lásán ni?"

Ó gbé ayùn rẹ̀, ó jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ẹnu borí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi.

Káàdì náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ òde sílẹ̀, kó máa bá aláìsàn gbé, Aláago sì lè já wọlé nígbàkigbà. Àbúrò mi fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀, ó kó báàgì rẹ̀ wá sí yàrá wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò wá ní bá mi gbé wọn ni?"

"Ọ̀gá Olùtọ́jú, ṣé èmi ni mo ní káàdì ni?"

Mo padà sídìí aṣọ fífọ̀. Tí mo bá ṣíwọ́, màá wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, màá máa sọ fún Ìyá ohun tí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ń gbàgbé sínú àpò ṣòkòtò: eyín àtọwọ́dá, kọ́kọ́rọ́ ilé obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó wọn. Ìyá á máa rẹ́rìn-ín, á máa gba omi lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀, tí mo bá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo máa ń gbọ́ tí ife ń ba ògiri, inú mi á sì máa dùn bí ẹni tí wọ́n ń kọrin kí. Lọ́fínńdà àbúrò mi tán, kò ra òmíràn. Síbẹ̀, bí mo bá rántí pé nọ́ọ̀sì ń dìde fún un, mo máa ń fọ aṣọ tó ti mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá aránṣọ rí wa lórí àtẹ̀gùn tí a ń kọ ẹ̀yìn síra wa. "Ọ̀kan ní káàdì, ọ̀kan ní ìyá," ó ní. "Kí lẹ wá ń jà sí?"

Ọdún yípo, Aláago padà wá láti wò ó bóyá nǹkan kò yí. Ó tún bu omi sínú ife méjì. Ìyá gbá ti àbúrò mi dànù, wọ́n mu tèmi dé ìsàlẹ̀ ife.

Aláago wo káàdì, ó wò mí. "Á jẹ́ pé a ṣì í mú nígbà yẹn. Ẹ̀yin ló yẹ, mà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ fún wọn."

Omi ń kán lára aṣọ àbúrò mi, ọrùn Ìyá ló kọ́kọ́ nù. Lẹ́yìn náà ló bọ́ okùn náà, ó sì nà án sí mi. Àárín ìka rẹ̀ ti bó funfun nítorí omi àti ọṣẹ. Ìka mi rí bẹ́ẹ̀ rí. Kò níṣẹ́ tó lè padà sí mọ́, ó sì mọ̀ pé mo mọ̀.

Káàdì tí mo ti ń jowú rẹ̀ rèé, lójú mi báyìí. Mo na ọwọ́. Mo tún fà á padà.

"Ọ̀gá mi," mo sọ fún Aláago, "ẹ bá mi yí Ìyá padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn."

Ó yí wọn. Ẹ̀yìn Ìyá ń dán, kò sí egbò, kò sí pípọ́n, páúdà wà níbẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Èmi kọ́ ni mo ṣe ẹ̀yìn yẹn. Láti ìgbà tí ẹ ti fún un ní káàdì, n kò yí wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń fún wọn lóògùn ni wọ́n ń gbá lọ́wọ́. Ọwọ́ tí wọ́n ń gbà, ọwọ́ àlejò ni."

Aláago jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Ife ni ọ́fíìsì ní kí n fi wò ó," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo rí. Ẹ̀yìn ni màá sọ fún wọn."

Àbúrò mi bú sẹ́kún, òun tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò ṣe é nítorí rẹ."

Òótọ́ ni mo sọ. Bí mo bá gbà pé ọwọ́ tí Ìyá ń gba omi mu ni ọwọ́ olùtọ́jú, á jẹ́ pé n kò tọ́jú ìyá mi rí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń da oògùn sí mi lára. Ta ló fẹ́ fìyẹn dá mi lọ́lá?

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú ni mo gbé aṣọ tí mo lọ̀ gba ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá. Àbúrò mi ti po oògùn. Mo dúró kí n gbọ́ tí ife máa ba ògiri. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yọjú. Ìyá la ẹnu fúnra wọn, wọ́n gbé oògùn kíkorò náà mì bí ẹni gbé oyin mì. Ọwọ́ òsì gbéra, àbúrò mi yẹrí. Ọwọ́ náà kò gbá a. Ó sọ̀ sórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Àbúrò mi wò mí. Mo wò ó. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún ẹnìkejì pé Ìyá ti ń dágbére.

Nísàlẹ̀, bàbá aránṣọ ṣì ń wa ẹ̀rọ rẹ̀. Kó tó dákẹ́ láti jẹun ọ̀sán, Ìyá ti lọ.

"Wọ́n gbà á, Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò mi ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, ọwọ́ Ìyá ṣì wà lórí tirẹ̀. "Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo gbé aṣọ àwọn ará ọ́fíìsì sílẹ̀, mo lọ pa ojú Ìyá dé. Lóòótọ́ ni, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò gbà á lọ́wọ́ mi rí.