Ọlọ́dẹ Tí Wọ́n Ní Ó Sọnù

"Ẹ ṣí géètì! Ẹ ṣí i kí a wọlé wá èèyàn wa!"

Ariwo yẹn ló jí Adébùnmí láàárọ̀ Sátidé. Ó fa ìró mọ́ àyà, ó yọjú lójú fèrèsé. Ọláoyè agbaṣẹ́ṣe ló rí lẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀, lọ́rì kan tí wọ́n fi tapólì bò wà lẹ́yìn wọn. Adébùnmí pòṣé. Kí ni ọkùnrin yìí tún fẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ pé "tún" ni. Àsìkò tí owó epo dé ni, tí ẹni tó bá ti gba kọ́ńtíráàkì ìjọba kan ṣoṣo ń da sìmẹ́ǹtì kiri bí ẹni ń da eérú nù. Ọláoyè ti ra gbogbo ilẹ̀ Ìgàndò tó yí wọn ká, láti ojú ọ̀nà Ìdímù títí dé etí odò. Ilẹ̀ bàbá Adébùnmí nìkan ló há a lọ́fun. Bàbá ọ̀hún ti kú, Adébùnmí àti àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Àjíṣafẹ́, ló ń gbé ibẹ̀. Ọláoyè gbówó wá, wọ́n ní àwọn ò tà. Ó gbé owó tó ju ti àkọ́kọ́ wá, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n ṣàdédé bá pèrègún tó wà lójú ààlà ní híhú. Ọláoyè figbe ta pé ará ilé Àjíṣafẹ́ ló hú u, pé wọ́n fẹ́ jẹ òun nílẹ̀. Irọ́ gbuu! Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ló hú u, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Àjíṣafẹ́, kò fẹ́ wàhálà. Ó ní kò burú, kí wọ́n tún un gbìn. Wọ́n tún un gbìn lóòótọ́, àfi bí wọ́n ṣe sún un wọnú ilẹ̀ onílẹ̀ títí dé ìdí igi àgbálùmọ̀ Bàbá Àjíṣafẹ́. Bẹ́ẹ̀, ní tiwa níhìn-ín, bí ẹnìkan bá gbin pèrègún sílẹ̀ rẹ tí o dákẹ́ títí tó fi ta gbòǹgbò, o ti gbà fún un nìyẹn. Kò sí àgbà tó máa bá ọ gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ mọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní Gàníyù, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ búlọ́ọ̀kù Ọláoyè, ló sọnù.

"Ẹ̀bá ààlà yín ni wọ́n ti rí i kẹ́yìn," ni Ọláoyè ń pariwo. "Ẹ ti gbé e pamọ́, àbí ẹ ti ṣe é léṣe. A máa tú ilé yìí wò ni!"

Bàbá Àjíṣafẹ́ ti ń wá kọ́kọ́rọ́. Adébùnmí sáré kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i fún wọn."

"Kí là ń bẹ̀rù? A ò jí èèyàn gbé. Jẹ́ kí wọ́n wọlé wò, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni."

Tíṣà ìtàn ni Adébùnmí. Ohun tó kọ́ àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ń dún lórí rẹ̀.

"Bàbá, ohun tí Jàpáànù ṣe fún Ṣáínà nìyí."

"Ṣáínà? Wọ́n ń fọ́ géètì mọ́ mi lórí, ìwọ ń sọ̀rọ̀ Ṣáínà!"

"Ẹ gbọ́ ná, jàre. Sójà Jàpáànù ń ṣọ́ ojú irin kan lórí ilẹ̀ Ṣáínà. Lọ́dún 1931, àwọn fúnra wọn ló fi bọ́ǹbù sí i, wọ́n ní Ṣáínà ló ṣe é. Ojú irin ọ̀hún ò kúkú bàjẹ́, ọkọ̀ ṣì gbabẹ̀ kọjá! Àwọn ọ̀gá Ṣáínà ní kí sójà wọn má jà, kí wàhálà má pọ̀. Odidi Mànṣúríà ni Jàpáànù gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, ilẹ̀ tó tóbi ju Nàìjíríà lọ."

Bàbá Àjíṣafẹ́ wo ọ̀kánkán igi àgbálùmọ̀.

"Lọ́dún 1937, wọ́n tún dé. Lẹ́bàá afárá kan nítòsí Pèkíǹ, ìlú ńlá kan ní Ṣáínà, wọ́n ní ọ̀kan nínú sójà àwọn sọnù, àfi kí àwọn wọ ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lọ wá a. Sójà ọ̀hún padà dé láìpẹ́, kò sí ohun tó ṣe é. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn á wọlé. Ṣáínà ní ó tì. Ibẹ̀ nìbọn ti dún, ogun ọdún mẹ́jọ ló tẹ̀lé e."

"O ò rí i? Ẹni tó kọ̀, ogun ló fi jẹ."

"Ẹni tó gbà ńkọ́, Bàbá? Ilé ẹ̀ dà? Àwọn tó kọ̀ jìyà lóòótọ́, wọ́n sunkún, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Pèkíǹ lónìí, ará Ṣáínà lẹ máa bá níbẹ̀."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ arúgbó náà, ó jáde lọ sẹ́nu géètì. 

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè. Ẹ ò ní í wọlé o."

"Ìwọ ọmọdébìnrin yìí! Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa, sà. Ìdí tí ẹ ò fi ní í wọlé gan-an nìyẹn."

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni ọkùnrin kan ti yọ lójú ọ̀nà, ó gbá ikùn mú, búrẹ́dì wà lábíyá rẹ̀. Gàníyù ni. Ẹ̀wà tó jẹ lálẹ́ àná ló yí i nínú, ló bá gba ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ ní Shasha láìdágbére.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni ó wí. "Kí ló dé? Ta ló sọnù? Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn ará àdúgbò tó ti péjọ. Ojú Ọláoyè pọ́n.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ! A ti wá ná, a máa wọlé wò."

"Ta ni ẹ fẹ́ wá?" ni Adébùnmí bi í. "Ẹni tí ẹ ní ó sọnù nìyí!"

 Gàníyù, tí ọ̀rọ̀ ò yé, ṣí tapólì lọ́rì kó lè gbé búrẹ́dì rẹ̀ síbẹ̀. Pèrègún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló kún inú ọkọ̀ náà fọ́fọ́, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti àdá.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "kí la fẹ́ fi gbogbo pèrègún yìí ṣe?"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Àjíṣafẹ́ ti jáde, ó ti rí ohun tó wà nínú lọ́rì. 

"Ọláoyè, èèyàn lò ń wá, pèrègún lo kó dání? Inú yàrá mi lo fẹ́ gbìn ín sí ni?"

Ó yí padà, ó gba ìdí igi àgbálùmọ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ pèrègún àkọ́kọ́, ó fà á. Ó ti ń ta gbòǹgbò. Arúgbó náà tún un fà títí tó fi hú, ó jù ú sí ojú ọ̀nà, ó bọ́ sórí èkejì.

"Ẹ gbà mí o!" ni Ọláoyè ké. "Ó ń hú ààlà mi! Ẹ bá mi pe ọlọ́pàá!"

"Tètè pè wọ́n!" ni Bàbá Àjíṣafẹ́ dáhùn, kò gbójú sókè. "Ìjọ́sí, irọ́ lo pa mọ́ wa. Tòní kì í ṣe irọ́. Sọ fún wọn pé èmi Àjíṣafẹ́ ló hú u. Sọ fún wọn pé ọwọ́ mi yìí náà ni!"

Adébùnmí tún ìró rẹ̀ dì kó le dáadáa, ó lọ bá a níbẹ̀, ó mú èyí tó kàn.