Ogún Náírà Onírin

Ní àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, a kì í gba owó orí ọmọ ní bébà. Kọ́ìnì náírà la máa ń gbà, ogún péré. Bàbá wa ní owó tí ẹnikẹ́ni kò lè ná ni kí wọ́n san, kí ayé má baà sọ pé a ta ọmọ jẹ. Nígbà tí Ọládiípọ̀ fẹ́ fẹ́ àbúrò mi, Fẹ́rànmí, àwọn ẹbí rẹ̀ wá kọ́ìnì títí ó fi sú wọn, torí ọlọ́jà kankan ò gbà á mọ́, ọmọdé ò sì lè fi ra súìtì. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí báyìí.

Bí a ṣe ń gbà á náà la ṣe ń dá a padà. Obìnrin tó bá fẹ́ kúrò nílé ọkọ á gbé kọ́ìnì rẹ̀ lọ, ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ á sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Bí wọn ò bá gbà á, ìyàwó wọn ṣì ni.

Ọládiípọ̀ ti yọ eyín Fẹ́rànmí, ó sì ti ṣẹ́ ẹ lápá. Bàbá wa rí apá náà, ó sunkún, síbẹ̀ ó ní, "Bí kọ́ìnì yẹn bá fi lè bá yín padà wálé, kí Fẹ́rànmí má bá yín wá." Inú bí mi débi pé mi ò dágbére fún un tí mo fi jáde.

A wọ takisí lọ sí Ìsẹ̀. Fẹ́rànmí gbé aṣọ funfun tí a di kọ́ìnì náà sí lé itan. Bàbá Moses, àbúrò bàbá Ọládiípọ̀, ló gbà wá ní pálọ̀. Ọládiípọ̀ jókòó tì í. Ìyá Ọládiípọ̀, tí wọ́n fẹ́ láti àdúgbò wa kan náà láyé ọjọ́un, wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Fẹ́rànmí kúnlẹ̀, ó na aṣọ náà sí Bàbá Moses. Bàbá náà kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan.

"Eléyìí kì í ṣe owó. Kò sẹ́ni tó ń ná an mọ́."

"Kò sẹ́ni tó ń ná an nígbà tí ẹ mú un wá," ni mo dá a lóhùn.

Kò wò mí. "Ùyàwó mi, dìde, lọ gbé oúnjẹ kaná. Ulé rẹ rèé."

Fẹ́rànmí yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọládiípọ̀ ki ọwọ́ bọ abíyá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tó yá sí ẹ̀ṣẹ́ tó báyẹn, kọ́ìnì ń bà á lẹ́rù. Apá àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sọ owó náà kalẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ìyá Ọládiípọ̀ gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó rìn wá, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Kó o fún mi."

"Yèyé, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ọládiípọ̀ ti dìde.

"Ọwọ́ yìí ni mo fi bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó wọ ulé yìí. Òun náà ni mo fẹ́ fi sìn ín."

"Ùyàwó ni yín, ẹ kì í ṣe ọmọ ulé," ni Bàbá Moses wí.

"Ọjọ́ tí mo gbé tèmi wá síwájú yín ńkọ́? Ẹ ní mo ti di ará ulé. Abẹ́ itan náà lẹ kó ọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn."



Ìyá náà gba aṣọ náà. Kókó rẹ̀ tú mọ́ ọn lọ́wọ́, kọ́ìnì fọ́n ká abẹ́ àga. Fẹ́rànmí bẹ̀rẹ̀ láti bá a ṣà á.

"Má fọwọ́ kàn án mọ́," ni ìyá náà wí. "Bó o bá fọwọ́ kàn án, o ti padà wá nìyẹn. Máa lọ ulé, ọmọ mi."

Mo fà á dìde, a jáde. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà wà lórí eékún, ó ń na ọwọ́ sábẹ́ àga Bàbá Moses, ọkùnrin náà ò sì gbé ẹsẹ̀.

Inú takisí tó ń gbé wa padà ni Fẹ́rànmí ti kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ta ni yóò wá gba ti Yèyé?"