Owó Ayò Tí Ìyàwó Télọ̀ Gbẹ́

Òwú kì í wọ́n nílé télọ̀. Nílé télọ̀ tí à ń wí yìí, owú pàápàá kò wọ́n níbẹ̀.

Agbẹ́-òǹtẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wọlé ọkọ, síbẹ̀ "Ìyàwó" ni àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣì ń pè é, bí ẹni pé àná ni wọ́n sìn ín wálé. Obìnrin tí télọ̀ kọ́kọ́ fẹ́, tó ti dolóògbé, ni wọ́n ń pè ní Màmá. Wọn kò fi bú u o. Ṣùgbọ́n ohun tó máa dun èèyàn, kò dìgbà tí wọ́n bá fi ibi ṣe é.

Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin mẹ́rin máa ń jókòó yí tábìlì tí télọ̀ fi ń gé aṣọ ká, wọn a máa ta pókà, eré káàdì kan tí wọ́n ń fi owó ta. Wọn kì í fi owó ta á. Bọ́tìnì ni wọ́n ń fi dípò owó, inú agolo bísikíìtì àtijọ́ kan ni wọ́n sì ń kó o sí. Màmá ló ṣa bọ́tìnì wọ̀nyẹn jọ. Bí eré bá ti parí, télọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kó wọn padà, tí yóò fi àkísà nu ìdérí agolo, tí yóò wá gbé e sórí pẹpẹ lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń rọra ṣe é yẹn, bí ata lójú egbò ló rí lára ìyàwó. Èyí tó burú jù ni ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá dijú, tó wá ń fi àtàǹpàkò pa bọ́tìnì lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò sọ fún un pé kì í ṣe òkú ni ọkùnrin náà ń fọwọ́ pa lára? Orogún tó wà láàyè, èèyàn lè bá a ṣe gbólóhùn asọ̀. Èyí tó ti kú kì í fèsì, kì í gbó, kì í sì í ṣàṣìṣe mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ tí télọ̀ yóò pé ọgọ́ta ọdún kù oṣù méjì, ìyàwó pinnu pé òun yóò gbẹ́ ojúlówó owó ayò fún un, àwọn pẹlẹbẹ roboto bíi ti àwọn tó ń ta pókà lóòótọ́. Lójú ayé, ẹ̀bùn ni. Nínú ikùn rẹ̀, ó fẹ́ kí agolo yẹn di ohun ìgbàgbé.

Kò gbẹ́ irú rẹ̀ rí. Òǹtẹ̀ ló mọ̀, àti pátákó orúkọ tí wọ́n ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó yọ́ lọ bá Tísà, ẹni tó kọ́ àwọn yòókù ní eré náà. Tísà ní oríṣi mẹ́rin yóò tó, kí oríṣi kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, kó sì wúwo lọ́wọ́. Èyí tó kọ́kọ́ gé fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Ó kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ó wá gé ike pẹlẹbẹ méjì méjì, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nígbà tó jù ú sórí tábìlì, ó dún kò, inú rẹ̀ dùn. Ó gbẹ́ àwòrán àlùmọ́gàjí fẹ́ẹ́rẹ́ sára pupa, abẹ́rẹ́ sára aláwọ̀ ewé, téèpù sára aláwọ̀ aró, ẹ̀rọ ìránṣọ sára dúdú. Ó fá etí wọn títí wọ́n fi ń dán. Tísà ní kó ya bọ́tìnì sára èyí tí iye rẹ̀ pọ̀ jù. Ìyàwó ní àyè kò gbà á. Àyè gbà á.

Lọ́jọ́ ìbí náà, ìyàwó ti fi agolo pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Wọ́n ṣí ẹ̀bùn, àwọn ọ̀rẹ́ yìn ín títí. Télọ̀ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó kàn ń fọwọ́ yí ọ̀kan po ni.

Eré bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ní òun fi aláwọ̀ aró kan lé e, dúdú ló jù sílẹ̀. Wọ́n rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún fi aláwọ̀ ewé sílẹ̀ dípò pupa, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀kan lọ sójú fèrèsé, ó wò ó, ó padà wá jókòó.

Tísà gbé káàdì rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó, àwọn bọ́tìnì yẹn dà?"

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣé tuntun ò dára ni?"

Tísà wo ojú télọ̀. Télọ̀ mí kanlẹ̀.

"Ojú mi ò mọ àwọ̀ mọ́," ó ní. "Ó ti pẹ́. Bọ́tìnì olójú méjì, olójú mẹ́rin, èyí tó ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn, àtàǹpàkò mi ló ń kà wọ́n. Olóògbé ló ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ìyàwó rántí gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń na òwú sí i pé kó dárúkọ àwọ̀ rẹ̀. Eré ìfẹ́ ló pè é. Àwọn mẹ́ta tó jókòó yìí mọ̀. Òkú mọ̀. Òun tó ń sùn tì í kò mọ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ó ní. "Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún un, tí ẹ ò sọ fún mi?"

"N kò sọ fún un. Ó ti ń bá mi gbé kó tó bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí. Ìwọ, télọ̀ tó mọṣẹ́ lo fẹ́. Ẹ̀rù bà mí."

Ìyàwó gbé agolo jáde, ó gbé e ka iwájú wọn, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó sunkún níbẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe àánú ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń sun. Owú wà níbẹ̀, ó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó owó ayò rẹ̀ padà sórí tábìlì iṣẹ́. Ó fi ayùn gé ìlà kan sí etí pupa, méjì sí ti aláwọ̀ ewé, mẹ́ta sí ti aláwọ̀ aró, ó sì gé ìlà yí etí dúdú ká. Ó di ojú tirẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ṣì wọ́n, ó tún ìlà wọn gé jìn sí i. Nígbà tí télọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, kò ṣi ẹyọ kan.

"Ó dára ju bọ́tìnì lọ," télọ̀ ní.

"Ẹ má fi wé e," ó dá a lóhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní òun lè tún díẹ̀ ṣe, ìyókù ti kọjá àtúnṣe. Ó bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Télọ̀ ronú, kò rántí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́.

"Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìbá mọ̀," ìyàwó sọ fún dókítà. "Ó ti kú."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó bèèrè oògùn tí yóò máa kán sí i lójú àti iye ìgbà lójúmọ́, ó tún un bèèrè kó má baà gbàgbé, ó sì di ọkọ rẹ̀ mú nígbọ̀nwọ́, wọ́n jọ rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.