Táyà Apá Ọ̀dọ̀ Ìyá Wọn

Ọdún kejì rèé tí ìyàwó mi ti kú, ohùn rẹ̀ kò sì kúrò nínú ọkọ̀ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Èmi kọ́ ni wọ́n ń fi iwin dẹ́rù bà. Mo mọ̀ pé rọ́bà kì í sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ náà bá ti ṣí lójú kan, táyà iwájú tó wà lápá ibi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀: gbù, gbù, gbù, gbù, gbù. Márùn-ún ni mo máa ń gbọ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ariwo lásán ni. Èmi ń gbọ́ ìyàwó mi tó ń kà láti ení dé àrún. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi pààrọ̀ táyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ti jẹ tán.

Àbígbẹ̀yìn mi ni mo ń fi ọkọ̀ náà gbé lójoojúmọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta awò ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gbé e lọ láàárọ̀, èmi ni mò ń lọ mú un nírọ̀lẹ́. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, òjò ń rọ̀, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò dúró. Ó yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ mọ́lẹ̀. Nígbà tó máa fi dúró, díẹ̀ ló kù ká kó sínú gọ́tà.

Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò, ó yí ọkọ̀ náà po, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó padà sínú ọkọ̀, omi ń ro lára rẹ̀.

“Bàbá, táyà yín ti pá bí orí yín.”

Mi ò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbọ́ o. Tí ẹ ò bá pààrọ̀ wọn, mi ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà wọ̀ ọ́. Màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti sin ẹnì kan. Ó tó.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta táyà, tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Alátẹ́gùn ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Abẹ́ páànù ló ti ń ṣiṣẹ́, táyà tò bí ògiri lọ́tùn-ún lósì, ọpọ́n omi dúdú kan sì wà láàárín tó fi ń wá ibi tí atẹ́gùn ti ń jò.

Mo bojú wo ọjà rẹ̀. Àwọn tuntun olórúkọ ńlá wà lókè, owó wọn ju tèmi lọ. Àwọn àlòkù wà nílẹ̀. Mo tẹ èékánná bọ àárín eyín tí ọ̀kan nínú wọn fi ń di ilẹ̀ mú, ó jìn dáadáa.

“Eléyìí dára,” ni mo wí.

Alátẹ́gùn wò mí tìyanu-tìyanu. “Bàbá, eyín rẹ̀ ló tàn yín jẹ. Àǹtí, ẹ wá bá wa ka nǹkan.” Ó fi àkísà tútù nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà, nọ́ńbà mẹ́rin sì yọ. “Méjì àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Méjì tó kẹ́yìn, ọdún rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀.”

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Ọdún mọ́kànlá!”

“Ẹ ò rí i? Arúgbó tí eyín rẹ̀ pé ni. Kò rìn, ni eyín rẹ̀ ò ṣe jẹ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fún un ní oòrùn díẹ̀ àti kòtò kan ṣoṣo, á bẹ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀.”

Mo yọ ọwọ́ mi kúrò lára táyà náà bí ìgbà tó jó mi.

Ó wá fi àwọn mìíràn hàn wá, tuntun ni wọ́n, ọdún yìí ni wọ́n ṣe wọ́n, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò lórúkọ. “Orúkọ kọ́ ló ń di ilẹ̀ mú, Bàbá. Ìwọ̀n tó bá ti ọkọ̀ yín mu ni kẹ́ ẹ wò.” Ìwọ̀n wọn bá a mu. Owó wọn dùn mí, kò pa mí. Mo ní kó gbé mẹ́rin.

Ó tú mẹ́ta. Nígbà tó dé ẹ̀kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

“Èyí kì í ṣe ọmọ ìyá àwọn yòókù. Apá inú rẹ̀ ló jẹ jù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ti já sí kòtò ńlá rí, Bàbá, irin rẹ̀ ti wọ́. Tá ò bá tò ó kó tọ́, á jẹ tuntun náà run. Ta ló wà á sí kòtò?”

Mo yíjú sí títì. Ó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́.

“Má fọwọ́ kàn án!”

Àwọn tó wà lódìkejì títì wẹ̀yìn wò. Ọmọ mi sún mọ́ mi. “Bàbá, kí ló dé? Táyà ni o.”

Mo jókòó sórí àwọn àlòkù, mo sì sọ ọ́.

Ohun tí mo ti sọ fún àwọn ọmọ ni pé nígbà tí àyà ń dun ìyá wọn, tààrà ni mo gbé e dé ilé ìwòsàn, àti pé kò sọ ọ̀rọ̀ kankan lọ́nà. Irọ́ ni méjèèjì. Mo sáré, mi ò rí kòtò. Táyà àlòkù tí mo rà torí pé eyín rẹ̀ gùn bẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi gbé táyà sípíà sí i. Nígbà tí mo fẹ́ da àwọn nọ́ọ̀tì sílẹ̀, ìyàwó mi ní, “Ẹ má kó wọn sínú iyanrìn. Ẹ kó wọn fún mi.” Ó tẹ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó kó wọn sí i. Nígbà tí mo gbé sípíà sípò, ó ń nà wọ́n sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n. Nígbà tó máa kan àrún, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín bí òwú. Sípíà náà nìyí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tú u.

“Ẹ ní kò sọ̀rọ̀,” ni ọmọ mi wí.

“Ó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá rí mi á rò pé mo mọ iṣẹ́ yẹn.”

“Kí ló tún sọ?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ mi ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kóun lọ kọ́ṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ní, “Ìwọ tí o kì í parí nǹkan?” Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ikú fi dé. Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní yàrá. Ọmọ yìí ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì jókòó tì í rí.

“Ó ní, ‘Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀.’ Ẹ̀rọ tìrẹ ló pè é.”

Alátẹ́gùn dìde lọ sídìí ọpọ́n omi, ó ń wá ibi tó ń jò lára rọ́bà tí kò jò.

“Ọdún méjì, Bàbá. Ẹ ń rí mi tí mò ń nù ún.”

“Mò ń rí ọ.”

“Ẹ wá dákẹ́.”

“Bí mo bá sọ ohun tó wí, ìwọ á bi mí ìgbà tó wí i. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀ nípa ogún ìṣẹ́jú yẹn. Títí dòní, mi ò tíì bi dókítà bóyá ó lè yí nǹkan padà.”

Ọmọ mi kò ní ó lè yí i padà. Kò ní kò lè yí i. Ó lọ dúró lẹ́bàá títì, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo gba sípánà, mo fi ọwọ́ ara mi tú nọ́ọ̀tì márààrún. Wọ́n ti dípẹtà. Èyí tó kẹ́yìn fẹ́ẹ̀ yọ mí léjìká.

Alátẹ́gùn gbé táyà tuntun sí i, ó pe mẹkáníìkì wá tún irin tó wọ́ ṣe, wọ́n to ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà tọ́. Ọmọ mi wọ ọkọ̀. “Ẹ gbé mi lọ síbi kòtò yẹn,” ló wí.

Mo wakọ̀. Mo tẹ́tí. Kò sẹ́ni tó ń kà.

Nígbà tá a dé ọ̀nà náà, wọ́n ti da ọ̀dà tuntun sí gbogbo rẹ̀, ó ń dán látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo wà á lọ síwájú, mo yí padà. Òpó iná kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

“Ibo gan-an ni, Bàbá?”

“Mi ò mọ̀ mọ́.”

Òótọ́ ni, ó sì nira láti sọ ju irọ́ lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó wo ilẹ̀, ó dúró síbi tí kò sí nǹkan kan.

“Ẹ jẹ́ ká gbà pé ibí ni,” ló wí.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.