Ó Di Ọjọ́ Tí Ìyàn Bá Mú

“Kí ni Màmá jẹ lánàá?”

Dókítà béèrè rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń béèrè orúkọ. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló ń bi. Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ló ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kò sí aṣọ ibùsùn kan ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn tí kì í gba abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọjá. Ó mọ èyí tó ti gbó, ó mọ èyí tí etí rẹ̀ ń tú. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá tó bí i lọ́mọ fi sẹ́nu lánàá, kò mọ̀ ọ́n.

“Wọ́n ní àwọn ti jẹun lọ́sàn-án,” ló fi dáhùn.

“Ṣé ẹ rí wọn nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́?”

“Ibi iṣẹ́ ni mo wà, dókítà.”

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n fún àìsùn. Ó rọra gbé ọwọ́ Màmá tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi í hàn án. Egungun lásán ni.

“A ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a ti yẹ ìtọ̀ wò. Kò sí àìsàn kankan lára wọn. Ebi ló gbé wọn ṣubú. Ebi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá tún ṣubú báyìí, mi ò lè ṣèlérí pé wọ́n á dìde.”

Ebi kẹ̀! Bí ẹ bá mọ ilé tí Màmá ti wá, ẹ̀yin náà á pariwo. Yàrá kan wà nínú ilé Ìyá Áyọ́ọ̀nù tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, nítorí pé oúnjẹ ló ń sùn síbẹ̀. Dùrọ́ọ̀mù àgbàdo gbígbẹ wà níbẹ̀, àti ẹ̀wà tí Màmá fi ata gbígbẹ há láàárín kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Ẹja tó yan títí tó fi le bíi pákó wà níbẹ̀, iyọ̀ ńkọ́, ilá gbígbẹ ńkọ́. Pálọ̀ ni àwọn ọmọ ń sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kan ìdérí kan báyìí, ohùn Màmá á jáde láti ibi yòówù tó bá wà: “Ó di ọjọ́ tí ìyàn bá mú!”

Ta ló fẹ́ bá a jà? Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òjò kọ̀ láti rọ̀, oúnjẹ wọ́n bí ojú. Ó pọn àkọ́bí rẹ̀ káàkiri ibi tó ti ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ, ọmọ náà sùn sí i lẹ́yìn, kò sì jí mọ́. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, ẹnu ta ló gbà á láti sọ fún un pé kó má kó oúnjẹ jọ?

Àbúrò Ìyá Áyọ́ọ̀nù ọkùnrin ti ń dúró níta. Onígbàjámọ̀ ni, irun oníbàárà ṣì wà lápá ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó lu ọwọ́ pọ̀.

“Ẹrù yẹn ló fẹ́ pa wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo ẹ̀ dànù kí wọ́n tó délé.”

“Kí wọ́n wá bá yàrá ṣófo? Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á kú.”

“Kí la wá fẹ́ ṣe, ẹ̀gbọ́n mi? Oúnjẹ kún ilé, ebi ń pa onílé! Ta la fẹ́ sọ ọ́ fún tí kò ní fi wá rẹ́rìn-ín?”

“Fi mí sílẹ̀ jàre. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ó sì ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè é níbi iṣẹ́ pé Màmá ṣubú, kò tíì jókòó dáadáa.

Nígbà tó di ọ̀sán, dókítà ní kí wọ́n máa lọ. Onígbàjámọ̀ fi ọkọ̀ gbé wọn délé, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá di ògiri mú, yàrá oúnjẹ ló gbà lọ tààrà, ó ń fọwọ́ tẹ ìdérí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, kí ló dé tí ẹ ò jẹun?”

“Kòkòrò ò wọ nǹkan kan.”

“Kí ni kòkòrò fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?”

“Èyí tó bá fẹ́ bàjẹ́ ni mo máa ń jẹ. Èyí tó bá dáa, ti ọjọ́ ìyàn ni. Lọ́dún yìí, mo sá wọn gbẹ, wọ́n gbẹ kanrin.” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Wò ó, ọ̀kan ò tíì lu.”

Ẹ gbọ́ ná! Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé iṣẹ́ náà fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Nǹkan kan ò bàjẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí Màmá máa jẹ.

“Ìrẹsì tí mo ń bù fún yín lálẹ́ ńkọ́?”

“Mo ń sá a sóòrùn. Ó wà nínú agolo.”

Ìyá Áyọ́ọ̀nù bú sẹ́kún. Inú ń bí i, àánú ń ṣe é, kò sì mọ èyí tí òun ń sunkún lé lórí. Alaalẹ́ ló ń gbé abọ́ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tí á sì lọ na ẹ̀yìn láìwẹ̀yìn.

“Ebi ń pa mí, Màmá.”

“Lọ ra nǹkan jẹ.”

“Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.”

Màmá wò ó. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìbẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀. “Àbí ìyàn ti mú ni?”

Irọ́ kan wá sí i lẹ́nu, pé ọjà ti dà rú, pé ọ̀nà ti dí. Kò pa á.

“Ó ti mú, Màmá. Inú ilé yìí ló ti mú, ẹ̀yin ló sì ń pa. Ẹ ti sin ọmọ kan nítorí ẹ̀. Mi ò fẹ́ sin ìyá mi.”

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣí ìdérí ẹ̀wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ata kúrò lójú rẹ̀.

“Gbé ìkòkò wá,” ó ní.

Ẹ̀wà tó gbẹ tóyẹn, kì í ṣe ohun tó ń tètè jinná. Òòrùn ti rẹlẹ̀ kó tó rọ̀. Màmá bu abọ́ kan kún, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ tì í padà.

“Bí ẹ ò bá jẹ, mi ò ní jẹ.”

Màmá bu ṣíbí kan. Ó jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu.

“Ó ti pẹ́ o,” ló wí, bíi pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. “Báyìí ni ẹ̀wà tí kòkòrò ò wọ̀ ṣe máa ń dùn?”

Ó tún bu òmíràn. Nígbà tí abọ́ náà ṣófo, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

“Bù sí i.”